Bẹ́ ẹ ṣe máa yan àpò ìbọn èjìká tí ò ní ni yín lára látàárọ̀ ṣúlẹ̀

Àpò ìbọn èjìká ni èyí tí okùn ẹ̀ ń gba èjìká kọjá, tí ìbọn á wà lábẹ́ abíyá. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ojú ni mo fi rà á. Awọ ẹ̀ ń dán, ojú rírán ẹ̀ gún régé, ìgbà tí mo gbé e kọ́rùn níwájú dígí inú mi dùn gan-an ni. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, okùn tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi kọjá ti bó mi lára, ojú ibẹ̀ pọ́n, ó ń ta mí, gbogbo ìgbà ni mo sì ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù kí n lè ti okùn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹni tó gbé ìbọn pamọ́ sára tó wá ń fọwọ́ wá nǹkan lábẹ́ kóòtù ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ẹni tó bá wò ó dáadáa ló máa mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé okùn lèèyàn ń rà o. Àpò tó di ìbọn mú gangan ṣe pàtàkì, mi ò ní kò ṣe pàtàkì, àmọ́ okùn ló máa gbé ẹrù yẹn fún yín fún wákàtí mẹ́wàá, méjìlá, torí náà òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Mo fẹ́ gbà pé ẹni tó ń ka èyí ti gba ìwé àṣẹ, ó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, òfin ibi tó ń gbé sì gbà á láyè láti gbé ìbọn tí aṣọ bò. Òfin yìí ò rí bákan náà níbi gbogbo, ibì kan wà tí wọ́n gbà kéèyàn ní in nílé àmọ́ tí ò gbọ́dọ̀ gbé e jáde rárá, torí náà ẹ ka ti ọ̀dọ̀ yín fúnra yín, ẹ má fi tẹnu ọ̀rẹ́ ṣe é. Tí ò bá sí láísẹ́ǹsì, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wò ó bóyá ti èjìká bá yín mu

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá mu. Àwọn tó máa ń jàǹfààní ẹ̀ jù ni àwọn tó ń jókòó pẹ́, pàápàá àwọn tó ń wa mọ́tò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí tí ìbọn bá wà ní ìbàdí, bẹ́líìtì mọ́tò á bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn àga á sì máa tì í mọ́ eegun ìbàdí yín. Abẹ́ abíyá ò ní wàhálà yẹn. Ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ìbàdí ń dùn náà, tí ò lè fi bẹ́líìtì líle dira, ó lè rí ìtura níbẹ̀. Ó sì rọrùn ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èèyàn ò ní máa wá ibi tó máa gbé ìbọn lé nígbà tó bá tú ṣòkòtò, ọ̀rọ̀ tí kò rọrùn láti sọ nìyẹn àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbàgbé ìbọn wọn.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ogun onírin máa ń lo àpò èjìká tí wọ́n ń pè ní M3, okùn kan ṣoṣo ló gba èjìká kọjá nínú ẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ṣe M7 tó ní okùn mìíì tó yí àyà ká kí àpò náà má bàa máa fì síbí fì sọ́hùn-ún. Ẹ ò rí i pé àtijọ́ ni wọ́n ti mọ̀ pé ibi tí okùn gbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ta ni kò bá mu? Ẹni tó máa ń bọ́ kóòtù níbi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ jáde, kóòtù yẹn ò kúrò lọ́rùn yín mọ́ títí ẹ ó fi délé, ooru ò mú u kúrò, àlejò ò mú u kúrò. Ẹni tí ọrùn tàbí èjìká ẹ̀ ti ní àárẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn ẹrù náà

Àwọn èèyàn máa ń fo ibí yìí, ó sì máa ń dùn mí. Ìbọn ìléwọ́ Glock 19 tí mágásììnì (ilé ọta tó ń wọ inú ìbọn) òfìfo wà nínú ẹ̀ tó bíi 670 gíráàmù, tẹ́ ẹ bá wá kó ọta 15 sí i, ó ń lọ sí bíi 855. Ìbọn 1911 onírin tó gùn dáadáa, òun nìkan á lé ní kílò kan kí ọta tó wọ inú ẹ̀. Ẹ wá fi mágásììnì méjì tó kún kún ti Glock yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi 255 gíráàmù, ẹ máa rí i pé pẹ̀lú awọ àti okùn, ohun tó lé ní kílò kan àtààbọ̀ lẹ gbé kọ́rùn. Kò jọ nǹkan tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e fún wákàtí mẹ́wàá kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

Bí ẹrù ṣe pín sí ọ̀tún àti òsì ló tún wá ṣe kókó. Ẹni tó gbé korobá omi kan lọ́wọ́ kan, ṣebí ara ẹ̀ máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, tó bá pín in sí korobá méjì ọwọ́ ọ̀tún ọwọ́ òsì, á nàró. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí ṣe rí. Tí ìbọn bá wà lábẹ́ abíyá òsì, kí àpò mágásììnì méjì wà lábẹ́ ti ọ̀tún, ó máa mú kí okùn náà jókòó dáadáa. Mo ti rí àwọn tó ní àwọn ò fẹ́ mágásììnì kankan torí àwọn ò fẹ́ ẹrù púpọ̀, ìbọn nìkan ni wọ́n gbé kọ́, gbogbo àpò náà wá ń yọ̀ lọ sí apá òsì díẹ̀díẹ̀ títí okùn ọ̀tún fi wọ inú ọrùn wọn lọ. Wọ́n dín ẹrù kù lóòótọ́, àmọ́ ìnira ló pọ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Okùn, okùn, okùn

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àsìkò yín dáadáa.

Ẹ wo fífẹ̀ ẹ̀ ní ibi tó gba orí èjìká. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo máa ń sọ pé kéèyàn wá, torí bí okùn bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹrù ṣe máa tẹ́ lórí ẹran ara tó. Èyí tó tín-ín-rín bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, bíi kí okùn ìfàgi wà léjìká ló ṣe máa ń rí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá fi ìka yín ra etí okùn náà lọ ra á bọ̀. Tí etí ẹ̀ bá mú, tó ṣe gbangangan bí etí páálí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ibẹ̀ gan-an ló máa bó yín lára, ẹ dá a padà. Awọ tí wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n á ti fá etí ẹ̀ kó lè róbótó, á máa yọ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ti náílọ́ọ̀nù, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ inú ẹ̀, àmọ́ kí ìtẹ́ náà má nípọn jù kó má lọ yọ gọngọ lábẹ́ aṣọ.

Ẹ ṣọ́ra fún okùn tó ń fà bíi rọ́bà. Ní ilé ìtajà ó máa ń tuni lára, torí ó ń bá ara lọ. Tẹ́ ẹ bá wá ń rìn, ìbọn á máa fò sókè fò sílẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fa ìbọn yọ, àpò náà á tẹ̀ lé ìbọn wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń fà níbì kan ṣoṣo, mi ò bá a jà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo okùn.

Lẹ́yìn yín wá ńkọ́? Ibi tí àwọn okùn ti pàdé láàárín eegun èjìká méjèèjì, wọ́n máa ń fi nǹkan pẹlẹbẹ kan so wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n kàn rán pa pọ̀ gbọnyin, tí ò lè yí, ó sì ní èyí tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi ti ilé iṣẹ́ Galco tó ní ewé mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Flexalon. Èmi, èyí tó ń yí ni mo fara mọ́, torí tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ mú nǹkan lókè, èjìká kan á gòkè, ìkejì á dúró, okùn tí ò lè yí á lọ́ mọ́ yín lára ni. Kí nǹkan pẹlẹbẹ yẹn wà nísàlẹ̀ dáadáa, jìnnà sí kọ́là, torí tó bá sún mọ́ ọrùn, á fún yín lọ́rùn, ojú ẹ̀ á sì hàn látẹ̀yìn lábẹ́ kóòtù, ẹ̀yin fúnra yín ò sì ní rí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n mọ́ra nìyí. Ẹ yọ mágásììnì, ẹ fa ìbọn náà ṣí, ẹ fi ojú wò ó, ẹ tún fi ìka kan inú ibi tí ọta ń jókòó, ẹ pa á dé, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọta gbogbo kó wà ní yàrá mìíì. Ẹ wá tú gbogbo okùn sí ibi tó gùn jù, ẹ ki ìbọn òfìfo náà sínú àpò, ẹ gbé e wọ̀ bí ìgbà tí ẹ wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè tí ò lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì máa fà á kúrú ní ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún kan, òsì kan, ẹ má fà ẹ̀gbẹ́ kan tán kẹ́ ẹ tó lọ sí ìkejì. Okùn orí èjìká gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín ọrùn àti orí èjìká, kó má gun ọrùn, kó má sì fẹ́ yọ̀ bọ́ sí apá. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ẹ̀ láìjàkadì. Ìbọn náà, kó wà nísàlẹ̀ abíyá tó bíi fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan. Tó bá ga jù, inú apá yín á máa ha á, ẹ ó máa rìn bí ẹni tí eéwo wà lábíyá ẹ̀. Tó bá rẹlẹ̀ jù, á máa fì.

Awọ tuntun máa ń nà o. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún un wọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ máa fà á kúrú ní ihò kan.

Nǹkan kékeré kan kù, àwọn okùn tó so ìsàlẹ̀ àpò mọ́ bẹ́líìtì ṣòkòtò. Àwọn kan kórìíra ẹ̀. Èmi rò pé ẹni tó ń dìde, tó ń tẹ̀ ba, tó ń rìn kíákíá, ó nílò ẹ̀ ó kéré tán ní ẹ̀gbẹ́ tí ìbọn wà, torí òun ni kì í jẹ́ kí àpò náà bá ìbọn wá tẹ́ ẹ bá fẹ́ fà á. Ẹ kàn rí i pé ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà lórí ìdúró, kó má bàa jẹ́ pé ẹ na ọwọ́ sókè kí ṣòkòtò máa bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ibi tí ẹnu ìbọn dojú kọ

Ó ní èyí tó gbé ìbọn dùbúlẹ̀, ìdí ẹ̀ wà níwájú, ẹnu ẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn yín. Ó ní èyí tó gbé e nàró, ẹnu ẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Ó sì ní èyí tó dà á sílẹ̀ díẹ̀ láàárín méjèèjì.

Èyí tó dùbúlẹ̀ ló yá ọwọ́ jù, àmọ́ ìbọn kúkúrú ló bá mu. Glock 19 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18 àtààbọ̀, 1911 tó gùn dáadáa ju 21 lọ. Ẹ wọn ara yín láti àyà dé ẹ̀yìn lábẹ́ abíyá, tí ìbọn bá gùn jù fún ibẹ̀, ẹnu ẹ̀ á máa ti kóòtù lẹ́yìn, ìdí ẹ̀ á máa yọ níwájú. Ẹni tí àyà ẹ̀ ò nípọn, kó yáa gbé ìbọn gígùn nàró, ó kàn gbọ́dọ̀ rí i pé kóòtù òun gùn tó láti bo ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí mi ò lè fò. Tí ìbọn bá dùbúlẹ̀, ẹnu ẹ̀ ń wo ẹni tó dúró lẹ́yìn yín ní ìlà. Jeff Cooper, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà, kọ́ àwọn èèyàn ní òfin ààbò mẹ́rin, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnu ìbọn dojú kọ ohun tí kò ṣe tán láti bà jẹ́. Àwọn kan á sọ pé ìbọn tó wà nínú àpò tí nǹkan sì bo tírígà ẹ̀ (ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn) ò lè yìn fúnra ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, èyí tó nàró máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù, mi ò sì bá ẹni tó yan èyí tó dùbúlẹ̀ jà, kó ṣáà rí i pé àpò ẹ̀ bo tírígà pátápátá.

Ibi tí ewu wà jù ni ìgbà tí èèyàn bá ń fà á yọ. Ọwọ́ ọ̀tún á gba àyà kọjá, ẹnu ìbọn á sì yípo láti ẹ̀yìn wá síwájú, tí apá òsì bá wà níbẹ̀, ó máa gba orí ẹ̀ kọjá, inú apá yẹn sì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà. Torí náà ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì sókè kó tó di pé ìbọn kúrò nínú àpò, ọwọ́ òsì kó sún mọ́ iwájú orí tàbí èjìká. Ẹ fi ìbọn òfìfo kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́, díẹ̀díẹ̀, kó tó di pé ẹ ń yára.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àpò fúnra ẹ̀

Kó bo tírígà pátápátá, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún irú ìbọn yín gan-an, kó sì dì í mú. Àpò tí wọ́n bá ní ó gba gbogbo ìbọn, ẹ bá mi fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá ti fa ìbọn yọ ẹnu ẹ̀ á pa dé, ọwọ́ kejì ló máa ṣí i, ibẹ̀ sì ni ẹnu ìbọn ti ń dojú kọ apá èèyàn.

Lórí ọ̀pọ̀ èyí tó dáa, awọ kékeré kan máa ń gba ẹ̀yìn ìbọn kọjá, ó ní bọ́tìnnì tí àtàǹpàkò ń tì ṣí. Ẹ ki ìbọn òfìfo sí i, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀dì, ẹ mì í. Kò gbọ́dọ̀ já bọ́. Bọ́tìnnì náà gbọ́dọ̀ dún kó nígbà tẹ́ ẹ bá pa á dé, kó má sì ṣí nígbà tẹ́ ẹ bá kàn fọwọ́ kọ lù ú.

Awọ máa ń bá ara mu bó bá ṣe ń pẹ́, àmọ́ ó máa ń mu òógùn, ẹ máa nu ìbọn lójoojúmọ́ kó má bàa dógùn-ún, ẹ má sì tọ́jú ìbọn pamọ́ sínú ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Náílọ́ọ̀nù fúyẹ́, omi ò bà á jẹ́. Kydex, ìyẹn ike kan, ó le, ẹnu ẹ̀ kì í pa dé, ó di ìbọn mú dáadáa, àmọ́ lábẹ́ abíyá, etí ẹ̀ máa ń gún ìhà tí ò bá sí awọ tàbí aṣọ láàárín. Tó bá jẹ́ pé ìtura ara ni wọ́n bi mí, awọ ni mo máa mú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Aṣọ tó máa bò ó

Kóòtù tàbí jákẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àyà, aṣọ ẹ̀ kó nípọn tó kó má lẹ̀ mọ́ ìbọn. Lábẹ́ àpò, ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là ni kẹ́ ẹ wọ̀, kọ́là yẹn ló ń dáàbò bo ọrùn lọ́wọ́ okùn. Ẹ wá dúró níwájú dígí, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ jókòó, ẹ de bẹ́líìtì mọ́tò, ẹ yí ẹ̀yìn wò. Ẹ wá tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, ibẹ̀ ló ti ń tú ọ̀pọ̀ èèyàn láṣìírí, torí iwájú kóòtù á já wálẹ̀, ìdí ìbọn á yọ síta gedegbe. Ẹ fi kọ́ra láti máa lóṣòó pẹ̀lú orúnkún dípò kẹ́ ẹ máa tẹ̀ láti ìbàdí. Ẹni tó bá fẹ́ dì mọ́ yín náà, ẹ ti mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, kí ìgbọ̀nwọ́ yín wà láàárín ọwọ́ ẹ̀ àti ìbọn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé e wọ̀ nílé ná

Odidi ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìbọn òfìfo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí méjì lóòjọ́ kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ jẹ́ kí ara sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọrùn ló ń dùn, okùn sún mọ́ ọrùn jù tàbí ẹrù ò pín dọ́gba. Tó bá jẹ́ ìhà, àpò fún mọ́ra jù. Tó bá jẹ́ àárín ẹ̀yìn, ẹ wo nǹkan pẹlẹbẹ yẹn. Tí ìka ọwọ́ bá ń ṣe yín jìnnìjìnnì tàbí tó ń kú tipiri, okùn ti ń tẹ nǹkan tí kò yẹ kó tẹ̀ níwájú abíyá, ẹ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí kò bá lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tún un wọ̀n, àpò èjìká ò bá yín mu, ẹ má fi tipátipá ṣe é.

Ìgbà tó bá wá di pé ọta ti wọ inú ẹ̀, ẹ ki ìbọn sínú àpò kẹ́ ẹ tó gbé e wọ̀, ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá délé, kí ìbọn má jáde nínú àpò nígbà tó ṣì wà lára yín. Ẹ̀yìn náà lẹ ó wá yọ ọ́, lẹ ó sì tì í mọ́ ibi tí ọmọdé àti àlejò ò ti lè dé.

Èmi, tí mo bá ti tì í mọ́ tán, mo máa ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kí n wo èjìká mi nínú dígí. Ojú ibi tí okùn gbà máa ń wà níbẹ̀. Tó bá parẹ́ kí n tó wẹ̀ tán, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó bá ṣì wà lẹ́yìn wákàtí kan, mo máa ń tú u sílẹ̀ ní ihò kan fún ọjọ́ kejì.